Ihò Ìpìlẹ̀ Fàráńdà Onípákó: Ẹ Ṣírò Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Ẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọ́ fàráńdà onípákó mọ́ ẹ̀yìn ilé ló ń gbẹ́ gbogbo ihò òpó ní ìwọ̀n kan náà. Àṣìṣe ni. Ẹrù tí òpó kọ̀ọ̀kan ń rù kò dọ́gba, òpó àárín ló sì kọ́kọ́ máa ń rì.

Ẹ jẹ́ ká mú fàráńdà tó gùn ní mítà 4.8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó yọ síta ní mítà 3.6. Ògiri ń gba ìdajì ẹrù. Ìdajì yòókù wà lórí ìtì igi etí ìta, tí òpó mẹ́ta gbé dúró. Apá fàráńdà tí òpó àárín ń gbé jẹ́ mítà 2.4 lọ́nà mítà 1.8, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 4.32. Kílò 245 là ń ṣírò fún mítà onígun mẹ́rin kan, èèyàn, àga àti pákó lápapọ̀. Òpó àárín á ru nǹkan bíi kílò 1,060. Ti igun, 530 péré.

Ilẹ̀ amọ̀ tí wọn ò yẹ̀ wò, wọ́n sábà máa ń kà á sí pé ó lè gba kílò 7,300 lórí mítà onígun mẹ́rin. Ẹ fi 7,300 pín 1,060, ẹ ó rí mítà onígun mẹ́rin 0.145. Ìsàlẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 lóròó àti níbùú á gba ẹrù yìí àti ìwúwo kọnkéré fúnra rẹ̀. Ti igun, 35 tó. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fẹ ìsàlẹ̀ sí i.

Jíjìn ńkọ́? Níbi tí ilẹ̀ ti ń dì nígbà òtútù, ẹ gbẹ́ ẹ kọjá ibi tí dídì náà ń dé, torí omi inú ilẹ̀ tó bá dì á wú, á sì ti òpó sókè. Àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ ládùúgbò ló mọ ìwọ̀n rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ kì í dì, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30, nínú ilẹ̀ tí ọkọ́ ò tíì kàn rí. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gbẹ́ ògiri: erùpẹ̀ tí wọ́n dà padà nígbà tí wọ́n ń kọ́lé ló wà níbẹ̀, ó ṣì lè rì.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ihò dáadáa kí ẹ tó da kọnkéré. Erùpẹ̀ tí ṣọ́bìrì fi sílẹ̀ máa ń rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ẹ kó o jáde, ẹ gbọ́n omi tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ sì gún un títí àtàmpàkò ò fi ní wọlé mọ́.

Ẹ má ri òpó igi mọ́ inú kọnkéré. Omi á dúró sí ọrùn rẹ̀, òpó á sì jẹrà níbẹ̀. Bóòtù ni kí ẹ gbé sínú kọnkéré tútù, lábẹ́ okùn tí ẹ ti ta láti fi mọ ibi tí òpó máa wà, kí bàtà irin tó máa gbé òpó lè jókòó lé e. Ẹ jẹ́ kí orí kọnkéré ga ju ilẹ̀ lọ, kó sì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè ṣàn kúrò. Ẹ bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7.