Èènì Wàrà Lójú Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́

Òkè àti odò, ilé ìtura àti ààfin ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn ìrìnàjò ní ilẹ̀ wa máa ń dá ọ̀rọ̀ wọn lé, n kò sì bá wọn jà, nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn tó ohun tí ènìyàn ń wò. Ṣùgbọ́n nínú ìrìnàjò tí mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù kẹrin, nígbà tí máńgòrò ti ń pọ́n lórí igi tí òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, èènì ló mú inú mi dùn jù lọ: wàrà kan tí wọ́n fi lé èyí tí mo rà, àti máńgòrò tí ọmọdébìnrin kan jù sínú ọ̀rá mi lẹ́yìn tí mo ti sanwó tán. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ojú ọ̀nà kan náà yìí ni mo ti pàdé àwọn tó ń fi owó lé ohun gbogbo, tí inú mi sì bàjẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe mí bíi kí n padà sílé.

Gáréèjì Ọjọ́ò ní Ìbàdàn ni mo ti wọkọ̀. Owó ọkọ̀ kò dùn mí, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta epo bẹntiróòlù lásìkò yìí. Ohun tó dùn mí ni pé lẹ́yìn tí mo ti san owó ọkọ̀, agbèrò tún gba ₦1,000 lọ́wọ́ mi nítorí àpò kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ orí itan mi ni àpò náà wà títí a fi dé Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gba ibẹ̀ lọ, ẹ parí ọ̀rọ̀ owó ẹrù kí ẹ tó yọ owó ọkọ̀, nítorí bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹnikẹ́ni kò ní dá yín lóhùn mọ́.

A kọjá Fìdítì àti Ìlọrà láìsí ìṣòro, nítorí ọ̀nà oníbejì ni ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ọkọ̀ sì ń rìn dáadáa níbẹ̀. Nígbà tí a dé Ọ̀yọ́, awakọ̀ yà sí ilé oúnjẹ kan létí títì, ó ní kí a jẹun kí a tó máa lọ. Gbogbo ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò ló mọ̀ pé awakọ̀ kì í sanwó oúnjẹ ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Àwa èrò la ń san án pọ̀ mọ́ tiwa. Mo ra ìrẹsì àti ẹran kan. Ẹran náà kéré, n kò sì sọ̀rọ̀, nítorí ẹran ti wọ́n. Ṣùgbọ́n apá kan àwo nìkan ni ọbẹ̀ kàn, ìyókù ìrẹsì náà funfun báláú. Mo rọra sọ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i." Ẹni tó ń bu oúnjẹ náà kò wojú mi kó tó dáhùn pé, "Ọbẹ̀, ₦300." Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa, mo tún béèrè, ó sì tún un sọ. Mo béèrè omi, wọ́n ní omi inú ìgò nìkan làwọn ní, títà sì ni. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó láti orí fóònù, wọ́n ní ₦100 wà lórí ìyẹn náà. Gbogbo rẹ̀ di ₦4,600, ebi sì ṣì ń pa mí.

₦300 kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ bínú. Ká ní wọ́n ti fi kún owó ìrẹsì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì bu ọbẹ̀ tó kárí, tayọ̀tayọ̀ ni ǹ bá san án. Ohun tó bí mi nínú ni kí ènìyàn jókòó ti oúnjẹ kí ó máa bẹ̀rù láti la ẹnu, nítorí pé gbogbo ohun tó bá béèrè ni wọ́n máa ṣírò lé e lórí. Ọ̀yọ́ tí mo mọ̀ kọ́ nìyẹn rárá. Mo máa ń ra gààrí ní ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin Aláàfin, mo sì mọ ọwọ́ àwọn ìyá tó ń tà á níbẹ̀: bí kóńgò bá ti kún, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ṣe odi yí ẹnu rẹ̀ ká, wọ́n á máa fi ọwọ́ ọ̀tún da gààrí sí i títí tí yóò fi ga ṣóńṣó, wọ́n á dà á sínú àpò yín, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Iná jó ọjà yẹn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ọjà ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́ tí wọ́n padà síbẹ̀, mo lọ ra gààrí, ẹ̀kúnwọ́ náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tó pàdánù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣì ń fi èènì sí i, ẹni tí kò pàdánù nǹkan kan wá ń ta ọbẹ̀ ní ṣíbíṣíbí.

Ìbínú yìí ni mo gbé wọ ọkọ̀ nígbà tí a kọrí sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ yẹn rí mọ bó ṣe rí: kò fẹ̀, kòtò pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ agbépo àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Òkè Ọya kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré ráyè. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí a ti ń gbọ́ nípa ọ̀nà oníbejì tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, ẹ̀mí tó sì ti ṣòfò lórí ti àtijọ́ yìí pọ̀ ju ohun tó yẹ kí ìjọba kankan fi ojú kékeré wò lọ. A kò tíì rìn jìnnà tí èéfín funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú rádíétọ̀ ló bẹ́. Awakọ̀ wò ó, ó mi orí, ó sì rán ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ padà sí Ọ̀yọ́ lórí ọ̀kadà pé kó lọ ra òmíràn wá.

Oòrùn ọ̀sán ti mú gan-an. Igi kan ṣoṣo ló wà nítòsí, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wa kó sí: ìyá kan tó pọn ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH méjì, bàbá àgbàlagbà kan tó ń ti ibi òkú àna rẹ̀ bọ̀, ọkùnrin kan tó ń bá awakọ̀ fà á pé kó dá owó òun padà, àti àwọn mìíràn tí wọn kò sọ̀rọ̀ rárá. Ọmọ ẹ̀yìn ìyá náà ń ké. Ọkùnrin yẹn kò dákẹ́, awakọ̀ náà kò dákẹ́, àwa yòókù sì kọ ẹ̀yìn síra wa.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan já sí títì láti gáà tó wà lápá òsì wa, ibẹ̀ ni obìnrin Fúlàní kan gbà yọ, tó gbé igbá ńlá sórí. Yorùbá ló fi kí wa: "Ẹ kú ìnira o. Ẹ kú oòrùn." Ó sọ igbá kalẹ̀, ó ṣí i. Wàrà ló wà níbẹ̀, tó léfòó nínú omi rẹ̀, ojú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́ ẹ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kedere, ìlà dábùú ìlà. Ó fi ewé mú ọ̀kan fún mi kí n tọ́ ọ wò. Ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun, iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é, nítorí mo fẹ́ràn kí n máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ó ní ìdájí ni wọ́n ti fún wàrà lára màlúù, òun gbé e ka iná tí kò le, òun gún ewé bòmubòmu, òun da omi rẹ̀ sí i, nígbà tó sì dì, òun bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀.

₦200 ló ń ta ọ̀kan. Mo ra márùn-ún. Ó kó márùn-ún sínú ọ̀rá, ó tún mú ẹ̀kẹfà, ó fi sí i, ó sì kọjú sí oníbàárà mìíràn. N kò béèrè, kò sì sọ pé òun fi sí i. Bó ṣe ṣe fún gbogbo ẹni tó rà nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní ju ₦200 tó lè ná lọ. Ó fún un ní odidi kan, ó sì bu ìdajì òmíràn lé e. Ó na ẹ̀là kékeré kan sí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní, "Ti ọmọ nìyí," ọmọ náà sì gbá a mú, ó pa ẹnu mọ́. Bàbá àgbàlagbà wò ó títí, ó ní, "Ìyá oníwàrà, ṣé kì í ṣe pé o máa pàdánù báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, bí mi ò bá fi sí i, ara mi kì í balẹ̀."

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà lábẹ́ igi yẹn. Bàbá tú àpò ìnáwó òkú tó gbé bọ̀, ó mú ata gígún jáde, ó ní kí a máa fi wàrà tọ́ ọ. Ẹnìkan ní gààrí, ẹlòmíràn ní ṣúgà. Ọkùnrin tó ń bá awakọ̀ jà dìde, ó mú wàrà méjì lọ bá a níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó sì jókòó tì í. A bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wa léèrè ilé àti iṣẹ́. Nígbà tí rọ́bà dé tí wọ́n fi so ó tán, kò sẹ́ni tó ráhùn mọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti ń wọ̀.

Èènì wàrà tí mo gbà kò ju ₦200 lọ. Kò tó owó ọbẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní Ọ̀yọ́. Mo ti rò ó gidigidi, ohun tí mo sì gbà gbọ́ ni pé ohun tí mo sanwó fún, ẹ̀tọ́ mi ni, bí wọ́n bá fún mi, wọn kò ṣe mí lóore. Èyí tó lé e lórí ni ẹni náà fi sọ fún mi pé òun rí mi, òun mọ̀ pé oòrùn ń pa mí, òun sì ro tèmi mọ́ tòun. Ìdí nìyẹn tí ayọ̀ rẹ̀ fi ń ju owó rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí mò ń pè ní Màmá, ni mo lọ, ní Òkè Ẹlẹ́rìn. Ó kí mi pé, "Àjọkẹ́, kú ewu ọ̀nà. Omi ti wà nínú garawa, lọ wẹ̀ kí o wá jẹun." Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété ni wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ, èmi náà sì jẹ ọkà gbígbóná pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, Màmá sì ń bu ọbẹ̀ sí i láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó rán mi lọ ra àkàrà ní iwájú ilé. Àwọn ọmọdé ti tò sídìí agbada, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rà á. Ẹ̀ẹ́rún tó ń ta yọ lójú epo ni wọ́n ń dúró dè, ìyá alákàrà a sì máa fi asẹ́ gbá a jọ, á gbọ̀n epo rẹ̀ dànù, á pín in fún wọn lórí ewé. Mo sọ fún Màmá bí inú àwọn ọmọ náà ṣe dùn tó. Ó ní kò yẹ kó yà mí lẹ́nu, pé àtètèkọ́ṣe ìlú àwọn náà kò ṣàìní àkàrà nínú: lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, àwọn ọdẹ àti àwọn mìíràn tó tẹ̀dó sí agbègbè náà a máa kó jọ sí ahéré Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, lábẹ́ igi àjàgbọn, láti mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń fi ọkà bàbà pọn, kí wọ́n sì jẹ àkàrà. Mo ti gbọ́ ìtàn ogun ìlú náà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn èyí jù wọ́n lọ.

Ọjà Jagun ni mo ti ra máńgòrò, ₦500 òkìtì kan. Ọmọdébìnrin kan ló tà á fún mi, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wò ó. Ó kó òkìtì náà tán, ó yẹ àwọn tó kù wò, ó ṣa méjì tó pọ́n dáadáa, kì í ṣe èyí tó ti ń rà, ó fi sí i, ó tún fi kajú pupa kan lé e, ìyá rẹ̀ sì mi orí pé ó ṣe é dáadáa. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣí ilé ìtajà ńláńlá lágbègbè ilé ẹ̀kọ́ gíga wá wo ọmọ yìí. Mo wọ ọ̀kan nínú wọn lọ ra bisikíìtì. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, iye owó wà lára ohun gbogbo, ẹnikẹ́ni kò sì kí mi kí n tó wọlé tàbí kí n tó jáde.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láti ilé Màmá, nígbà tí awakọ̀ tiwa sì tún yà sí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí tí mo jẹ ẹ́. Mo gbà yín níyànjú kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti wàrà, ẹ rà á kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí ó máa ń kan bó bá di alẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e dé Ìbàdàn tàbí Èkó, kí ó sọ fún ẹni tó ń tà á kó bu omi rẹ̀ sí i, bó bá sì délé, kí ó bọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀ lójú ẹsẹ̀ tàbí kí ó dín in. Kí ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ dání, nítorí kò sí POS létí gáà, bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí ẹ na ₦1,000 sí ẹni tí kò ní ṣéńjì kí ẹ wá sọ pé kó máa bá yín wá a kiri.