Ipa Khan

Lálẹ́ àná, èmi àti àbúrò mi jọ wo Star Trek Into Darkness, fíìmù ọdún 2013. Bí Benedict Cumberbatch, òyìnbó pọ́ńbélé, ṣe la ẹnu pé Khan lòun ń jẹ́, inú bí mi gan-an. Khan Noonien Singh, ọ̀daràn inú ìtàn Star Trek! Ọmọ àríwá Íńdíà ni wọ́n pè é nígbà tó kọ́kọ́ yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1967; kódà, láwàní ló wé nínú àwòrán rẹ̀ tí wọ́n yà níbẹ̀. (Ricardo Montalbán tó ṣe é nígbà náà, ọmọ Mẹ́síkò ni. Ìyẹn náà ò tọ́.)

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún fi ọmọ Íńdíà ṣe ọ̀daràn ni?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi, àmọ́ mi ò gbà. Khan kì í ṣe jàǹdùkú lásán, alákòóso ńlá tó gbọ́n féfé ni. Òṣèré Íńdíà ló yẹ kó ṣe é.