Ẹni Yẹn Ò Lẹ́nu

Mo ti dáhùn query náà, ìwé tí ọ́fíìsì fi ní kí n wá sọ tẹnu mi lórí ẹrù oníbàárà kan tó há. (Iṣẹ́ wa ni ká máa bá èèyàn gbẹ́rù jáde ní pọ́ọ̀tù.) Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà méjì, mo ní kí akọ̀wé Mádàámù bá mi lu òǹtẹ̀ sórí ọ̀kan kó sì kọ déètì sí i, mo wá ká ìyẹn sínú báàgì mi láàárín Bíbélì kékeré àti ṣájà fóònù. Ẹrù méjì jáde lónìí, ọ̀kan há. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mile 2 bó ṣe máa ń rí. Iṣẹ́ òní nìyẹn, ó tán.

“Ẹ kọ ọ́ sí tiẹ̀. Ẹni yẹn ò lẹ́nu.”

Láti Ọjọ́bọ̀ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, mo ti bá a jẹun, mo ti bá a wẹ̀, mo ti bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò lọ. Kì í ṣe pé ó pariwo sọ ọ́ o. Ká ní ó pariwo ni, mi ò bá ní inú ló bí i. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ fún ọmọọ̀ṣẹ́ pé kó ti àga yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ibẹ̀ láyè wà. Kò kórìíra mi. Mo rò ó títí, mi ò rí ìkórìíra kankan níbẹ̀. Ó kàn wo inú ọ́fíìsì yípo, ó wá ẹni tí ẹ̀bi lè gbà lára, ó rí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ ẹni tó sọ ọ́. Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É ni, ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, ta ni ì bá tún jẹ́? (Ibí nìkan ni mo ti ń pè é ní “ó” o. Níwájú rẹ̀, “ẹ” ni, “sà” sì máa ń tẹ̀ lé e.) Bí PAAR, ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó orí ẹrù, bá tètè bọ́ sílẹ̀, òun ló mọ ẹni tó pè. Bí ẹrù bá jáde kí ọjọ́ ọ̀fẹ́ tó lè fi jókòó ní pọ́ọ̀tù tó pé, òun ló sùn sí pọ́ọ̀tù Tin Can. Ọjọ́ tí nǹkan bá dàrú ni a máa ń gbọ́ “ẹ̀ka dókúmẹ́ǹtì”. Ẹ̀ka dókúmẹ́ǹtì náà sì rèé, èmi nìkan ni, èmi àti ọmọ IT tó ń kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tiẹ̀ díjú. Láti 2015 tí àwọn ìlú ECOWAS ti jọ ń lo owó orí ẹrù kan náà, àyè márùn-ún péré ni gbogbo ẹrù tó ń wọlé ń bọ́ sí: òfo, 5, 10, 20, 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Kóòdù tó o bá kọ sí i ló ń sọ iye tó o máa san. Ẹ̀rọ inú ilé, èyí téèyàn ń rà ní ṣọ́ọ̀bù tó sì ń gbé sórí tábìlì, ló wà nínú kọ̀ǹténà tó fa query yìí. 20 ni. Òun wá mú kóòdù ẹ̀yà ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn kó lè já sí 5, kí oníbàárà lè sọ pé ọ̀gbẹ́ni yìí mọṣẹ́. Mo rí i. Mo sì kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp, mo ṣì lè kà á láìwo fóònù: “Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kóòdù yẹn ò bá ẹrù yẹn mu. Kí n dá a dúró ni, àbí kí n fi ránṣẹ́?”

Àtàǹpàkò ló nà sí mi. Àtàǹpàkò kékeré aláwọ̀ ìyeyè yẹn. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní rárá. Mo jókòó tí mò ń wò ó pé èwo nínú ìbéèrè méjì tí mo bi í ni àtàǹpàkò yìí ń dáhùn. Ó wá pè mí: “Àbúrò mi, fi ránṣẹ́ jàre. Ta ló ń wo ìyẹn?”

Kọ́sítọ́ọ̀mù wò ó. Wọ́n já DN lé e lórí, ìwé tó ń sọ pé owó tá a san ò tó, wọ́n ní kí ẹrù dúró. Tẹ́mínà ń ka owó tirẹ̀, àwọn tó ni kọ̀ǹténà ń ka demurrage tiwọn, owó ìdádúró kọ̀ǹténà, oníbàárà ń pe Mádàámù láàárọ̀ lálẹ́. Ni Mádàámù bá ní ta ló kọ kóòdù yẹn. Ẹ sì ti gbọ́ ìdáhùn.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni màmá mi fi ń yìn mí. “Èyí ò lẹ́nu rárá” ni wọ́n máa ń sọ fáwọn ìyá ìjọ, tí wọ́n á sì gbé e bí ẹni pé mo gba ẹ̀bùn níléèwé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló lẹ́nu nínú ilé wa. Gbogbo ìgbájú tó wà nílé, òun ló jẹ ẹ́, èmi ni mo ń jẹ ẹran. Nígbà tí mo sì ríṣẹ́ yìí, ohun tí wọ́n sọ fún mi kí n tó wọkọ̀ ni pé bí wọ́n bá rán mi, kí n lọ. Bí wọ́n bá bú mi, kí n ní ẹ ṣé. Mo ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo pè é. Àbí ẹ̀kọ́ ilé kọ́? Mo bi ara mi léèrè lánàá bóyá ojo lásán ni mo jẹ́ tí mo sì wọ ìró àti bùbá fún un. Mi ò fẹ́ràn ìdáhùn tó wá sí mi lọ́kàn, mo bá dìde lọ fọ abọ́.

Rárá. Kì í ṣe ojo. Ẹni tó bá lè gba ìpè oníbàárà tí ẹrù rẹ̀ há, kó dákẹ́ títí ó fi bú u tán, kó tún ní “ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ n wò ó”, ojo kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ni. Wọn ò kàn máa ń kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi tó jẹ́ lọ́yà ló jókòó tì mí lópin ọ̀sẹ̀. Mo ti gbójú lé Labour Act. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní òṣìṣẹ́ tó ń lo agbára àti èyí tó ń kọ̀wé ni òfin yẹn ń pè ní òṣìṣẹ́, pé ó yọ ẹni tó bá wà nípò àbójútó tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ sílẹ̀. Ó ní “officer” tí wọ́n fi sẹ́yìn iṣẹ́ mi lọ́dún tí wọn ò fowó kún owó mi, òun ni agbẹjọ́rò wọn á kọ́kọ́ nà sí adájọ́. Kí ẹ wá wo ayé! Oyè tí mo pín mínírà lé lórí! Ó ní ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ni kí n lọ kà, ohun tó wà níbẹ̀ ni màá dì mú. National Industrial Court wà ní Ìkòyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé ẹjọ́ àtàǹpàkò débẹ̀.

Mo wá fi lẹ́tà tí mo kọ lóru hàn án. Ó gùn. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀: ẹrù ọdún tó kọjá tí mo tú sílẹ̀ tí Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É ní òun ni, ọjọ́ Sátidé tí mo wá tí wọn ò sanwó ẹ̀, àní àga mi tó gbé fún àlejò tí kò dá padà. Ó kà á, ó ní, “Yọ ìbínú kúrò, fi déètì sí i.” Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Nígbà tí mo yọ ìbínú kúrò, ó ku ìlà díẹ̀: ọjọ́ tí mo kọ̀wé sí ọ̀gá, ohun tí mo kọ, àtàǹpàkò, aago tó pè mí, ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́. Mo ya fọ́tò ojú WhatsApp yẹn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó dùn mí díẹ̀ pé àga yẹn ò sí níbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É láàárọ̀ òní. Ó yẹ kí n kọ èyí sílẹ̀ torí mi ò tíì mọ ibi tí màá gbé e sí. Lẹ́tà wà nínú báàgì mi, èmi náà wà lórí eékún. “Àbúrò mi, ṣé dáadáa ni?” “Dáadáa ni sà, ẹ kú iṣẹ́ sà.” Kí ni ǹ bá ṣe? Ó ju ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ. Bí mo bá dúró ṣánṣán kí i, ọ̀rọ̀ á kúrò lórí kóòdù, á di ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé, gbogbo ọ́fíìsì á sì ti ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, ọgbọ́n ni mo fi kúnlẹ̀. Mo sì tún mọ̀ pé eékún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú ọgbọ́n kankan.

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí òǹtẹ̀ ti kan ìwé náà, ó pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, ó ní “Miss”, ó sì fi orúkọ bàbá mi tì í. Àbúrò ti tán.

Mádàámù pè mí wọlé. Wọ́n kà á tán, wọ́n yọ awò ojú wọn.

“Ìwọ lo kọ èyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ta ló bá ọ kọ ọ́?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ sunkún. Ìyá tí mò ń kọ lẹ́tà sí báńkì fún, tí mò ń bá a kọ lẹ́tà Form M, fọ́ọ̀mù ìkẹ́rùwọlé! Ta ló bá mi kọ ọ́! Mo ní, “Èmi ni mà.” Wọ́n wo fọ́tò yẹn fún ìgbà pípẹ́, àtàǹpàkò yẹn ń wò wọ́n náà. “Ó dáa. Máa lọ. Màá pè yín.” Wọn ò ní “màá pè ọ́”, wọ́n ní “yín”. Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn bóyá ohun tó dáa ni.

Nígbà oúnjẹ, Bàbá Dírẹ́bà ń bá ìyá olóúnjẹ fa ọ̀rọ̀ torí ẹran tó bù fún wọn kéré. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹnu ẹni la fi ń kọ méè-jẹ.” Ọ̀rọ̀ ẹran ni wọ́n ń sọ, wọn ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà dúró sí mi lọ́fun. Wọ́n pààrọ̀ ẹran yẹn fún wọn o.

Ṣé inú mi dùn? Nígbà tí òǹtẹ̀ yẹn balẹ̀, inú mi dùn débi pé mo ra gúgúrú fún ọmọ IT. Nígbà tó di Mile 2, ẹ̀rù ti ń bà mí. Owó ilé mi máa pé kí ọdún tó parí. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi sọ pé ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan ló tó láti fi sọ pé kí n máa lọ, wọn ò sì ní láti sọ ìdí. Ó lè má jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n lè jẹ́ kó tutù, kí wọ́n wá sọ pé ilé iṣẹ́ ń dín èèyàn kù. Mo ti rí i kí wọ́n ṣe é fún ẹlòmíì, wọ́n tún gé kéèkì fún un.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É ló ń jẹ́ kí oorun máa dá lójú mi. Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí po láti òkè, kí n kúkú kọ ọ́. Òun kọ́ nìkan ló wà nínú yàrá yẹn lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tó ní ẹni yẹn ò lẹ́nu, ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín imú, kúkúrú báyìí. Ó wá ní, “Ẹ ò purọ́.” Kò sí bí mi ò ṣe ní mọ ẹ̀rín yẹn, torí ojoojúmọ́ ni mò ń pa ẹni tó ni ín lẹ́rìn-ín. Aunty Accounts ni. Ẹni tá a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan nígbà tí owó oṣù bá pẹ́. Ẹni tí mo bá lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Ìjù nínú òjò.

Wọn ò sọ fún mi. Ọjọ́bọ̀ kọjá, Jímọ̀ kọjá, òní náà ti lọ. Wọ́n kí mi, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Bóyá wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Bóyá wọ́n ń bẹ̀rù ọ̀gá náà, ọmọ wọn mẹ́ta ló wà nílé ìwé. Mo lóye ẹ̀. Mi ò lóye ẹ̀. Mo lè kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, mo lè fi déètì sí i, mo lè lu òǹtẹ̀ sí i. Èwo ni òǹtẹ̀ tí mo fẹ́ lù sórí ẹ̀rín?

Àti pé, ká sọ tòótọ́, àwọn ló ń gba àjọ wa. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ló kàn mí. Nítorí náà, mi ò ní sọ nǹkan kan fún wọn títí màá fi gbowó mi.