Koríko lórí irin, ọkọ̀ sì ń gbabẹ̀ lójoojúmọ́

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ṣe mùmú lọ́sẹ̀ tí mo dé Freiburg, ní Jámánì níbí. Àdúgbò kan tó ń jẹ́ Vauban ni mo ń gbé, mo ń lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá rí ojú irin láàárín koríko tútù yọ̀yọ̀, koríko bo gbogbo ẹ̀, orí irin nìkan ló yọ síta, mo ní háà, réluwéè tibí náà ti kú nìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílé wa, tẹ́ ẹ bá ti rí koríko lórí irin, ọkọ̀ ò gbabẹ̀ mọ́ nìyẹn. Irin àtijọ́ yẹn, èyí tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901 tó sì dé Òṣogbo lọ́dún 1907, nígbà tí mo wà ní kékeré ewúrẹ́ ló ń jẹ̀ lórí ẹ̀. Ni mo bá gba àárín irin lọ, fóònù lọ́wọ́, mò ń rìn jẹ́jẹ́ mi. Àfi gan-in gan-in! lẹ́yìn mi. Mo fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, búrẹ́dì bọ́, mo wẹ̀yìn, tram gbọọrọ, réluwéè àárín ìlú tó ń lo iná mànàmáná, ló dúró síbẹ̀ yẹn, dírẹ́bà ń wò mí bí ẹni ń wo ẹran tó já okùn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé n ò gbọ́ ọ nígbà tó ń bọ̀, n ò gbọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ koríko yẹn gan-an sì nìyẹn o. Tí irin bá wà lórí kọnkéré tàbí ọ̀dà, ńṣe ni ariwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa ń ta padà sókè wọ inú ilé onílé, ṣùgbọ́n koríko àti iyẹ̀pẹ̀ ń gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ mì. Ní Vauban, láti ọdún 2006 tí tram ti dé ibẹ̀, ó ń kọjá nítòsí fèrèsé àwọn èèyàn, wọ́n sì ń ṣí fèrèsé sùn nígbà ooru. Òjò tó bá rọ̀ náà ń wọlẹ̀, kì í ṣàn lọ kún gọ́tà, ibẹ̀ kì í sì í gbóná janjan bíi títì.

Mo rò pé wọ́n kàn fọ́n irúgbìn síbẹ̀ ni, àfìgbà tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún irin ṣe, mo dúró wòran bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé. Kọnkéré ló wà nísàlẹ̀, òun ló gbé irin dúró, rọ́bà dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin lọ́tùn-ún lósì, kí iyẹ̀pẹ̀ tó wá kàn. Rọ́bà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Orí wáyà lókè ni tram ti ń mu iná, irin ni iná ọ̀hún sì ń gbà padà sílé, tí iyẹ̀pẹ̀ tútù bá wá fara kan irin báyìí, iná á máa jò wọlẹ̀, á sì máa jẹ páìpù omi àtàwọn irin mìíì tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe oge lásán. Owó ńlá ni, wàhálà sì ni jàre! Iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ò jìn, kíá ló ń gbẹ, lọ́dún 2022 tí oòrùn mú gan-an, gbogbo ẹ̀ pọ́n bí koríko ọyẹ́, èmi tí mo ti ń fọ́nnu fáwọn ará ilé wá dákẹ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa gé e, nígbà tí ọkọ̀ ò sì dáwọ́ dúró. Ní Kagoshima, ní Japan, wọ́n tiẹ̀ ní tram tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ pé kó máa gé koríko orí irin, ẹ ò rí nǹkan! Àwọn ìlú mìíì fi koríko sílẹ̀, wọ́n gbin sedum, ewé kékeré tó ki, tó ń tọ́jú omi sára. Ẹbí kan náà ni òun àti ọ̀dúndún wa, ewé ẹ̀rọ̀, ìgbà tí mo gbọ́ yẹn mo rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi ní kí ló dé tí Blue Line, réluwéè Èkó, ò ní koríko. Mo ní afárá gbé apá kan nínú ẹ̀, irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin nísàlẹ̀ ló sì ti ń mu iná, ta ló fẹ́ lọ ro oko níbẹ̀? Ibi tó bá sì ní koríko, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ áńbúláǹsì ò lè yà síbẹ̀ tí go-slow bá mú wọn, ìyẹn nìkan tó láti dá ìjà sílẹ̀ l'Ékòó.

Mo fi han màmá mi lórí fídíò, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé wọn ò ráyè ro ó ni?" Mo ní ma, àwọn ló gbìn ín. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n kúrò lórí irin. Mo tètè kúrò o, torí tram nọ́mbà 3 ti ń bọ̀, n ò sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn náà.