"Orí ẹ̀ ńkọ́?": àyẹ̀wò ọdún mi

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yìnkùlé wa l'Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo jókòó sí, ìwé kan wà lórí ẹsẹ̀ mi tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́dún yìí, ìwé kan náà o, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe lọ torí gbogbo nǹkan tí mo rò pé mo mọ̀ nípa dísáìnì ìwé nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ẹnu àwọn èèyàn ló bá mi tún un ṣe.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ní kíláàsì ni pé ká ṣe ìwé tí ìrísí ẹ̀ fúnra ẹ̀ máa bá ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ mu, kì í ṣe ká kàn to fọ́tò àti ọ̀rọ̀ sójú-ewé. Mi ò ronú jìnnà rárá. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ta ẹja lọ́jà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́ níbí, àtikékeré ni mo ti ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ká ẹja àrọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bírí, wọ́n á ki ìrù ẹ̀ bọ ẹnu ẹ̀, wọ́n á fi igi tín-ín-rín gún un kó má baà tú, ó di orí ààrò. Mo ní ẹja kíká ni mo máa fi ṣe ìwé, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ẹnu àwọn tó ń pa ẹja àti àwọn tó ń yan án ni mo ti máa gbà á.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́, lóṣù kẹta, ojú-ewé 30 ni, mo fẹ́ kí wọ́n fi stapler gún un láàárín. Ẹni tó fẹ́ bá mi tẹ̀ ẹ́ ní kò lè jẹ́ 30, pé bébà kan tí wọ́n bá ṣẹ́ sí méjì, ojú mẹ́rin ló ní, 28 ni tàbí 32. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí wọ akínyẹmí ara ni ti ọmọ kíláàsì mi kan tó wò ó tó ní ó jọ ìwé ètò ìsìnkú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi kí i. Mo wá padà gbé ìwé náà wò lálẹ́ ọjọ́ kan, fọ́tò ńlá láàárín iwájú, àkọlé lókè, déètì nísàlẹ̀, òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, òun náà ló sì bá mi gé bébà títí ọdún fi parí.

Ìgbà yẹn ni mo pa stapler tì, mo ní kí n ṣẹ́ bébà gígùn kan síwá sẹ́yìn bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ bébà, ojú 12, kí èyí tó gbẹ̀yìn lè padà wá bá èyí àkọ́kọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó. Àwa tá à ń gbé Ẹ̀pẹ́, ká tó gba Ìtóìkín, Ìkòròdú, Mile 12, Kétu, ká tó bọ́ọ́lẹ̀ ní Palmgrove, oòrùn ti kan àtàrí. Bébà A3 mẹ́ta ni mo fẹ́ so pọ̀, 420 mm ni gígùn ẹ̀, mo pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sójú mẹ́rin, 105, 105, 105, 105, inú mi ń dùn pé ó pín dọ́gba. Ọ̀gá prìǹtà wò ó, wọ́n ní, "Sístà, ibo lẹ fẹ́ fi gọ́ọ̀mù sí?" Mi ò dá etí kankan sí i tí bébà kan máa fi lẹ̀ mọ́ èkejì! Bó ṣe di pé ojú kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ sí 102 nìyẹn, tí 12 mm ṣẹ́ kù fún etí. Nígbà tí mo tún padà lọ, bébà tó nípọn ni mo rà, gbogbo ibi tí mo ṣẹ́ ló ń fọ́ tí funfun inú ẹ̀ ń yọ. Bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ mú bébà kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lóòró, wọ́n tẹ̀ ẹ́ níbùú, wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án, ọ̀kan rọ̀, èkejì ń bá mi jà. Bébà ní ibi tí iṣan ẹ̀ kọrí sí, ibi tó bá rọ̀ sí ni kí n máa ṣẹ́ ẹ sí. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á ṣẹ́gun fún wọn.

(Mo kà á pé Irma Boom, obìnrin ará Netherlands tó gbajúmọ̀ nídìí dísáìnì ìwé, máa ń kọ́kọ́ ṣe ìwé ẹ̀ ní kékeré kó tó ṣe ńlá. Páálí bisikíìtì lèmi ń gé báyìí kí n tó wọkọ̀ lọ sí Ṣómólú.)

Ọjọ́ crit ní oṣù kẹfà, ìyẹn ọjọ́ tá a máa ń gbé iṣẹ́ wa síwájú kíláàsì kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Mo gbé ìwé síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹja nìyí, ìrù nìyí, ibí lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Lẹ́kíṣọ́rà wa kàn gba ìwé náà, wọ́n gbé e fún ọmọ ọdún kìíní kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n dákẹ́. Ọmọ yẹn yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ẹ̀yìn ló ti ṣí i, ojú keje ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹnu ń yún mi. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ lo máa jókòó ti gbogbo ẹni tó bá ra ìwé yìí." Látọjọ́ náà, bí mo bá fún ẹnì kan níṣẹ́ mi, mi ò kì í sọ nǹkan kan mọ́, ọwọ́ ẹ̀ ni mo máa ń wò, ibi tó bá ti rú u lójú, mo máa kọ ọ́ sínú jọ́tà.

Mo mú u lọ Olúwo. Ọjà ti kún, epìyà ń ta nínú báàfù, ọ̀bọ̀kún wà lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n màmá mi nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n gbà á. Mo dákẹ́. Wọ́n yí i po títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, orí ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní orí kí ni, Màámi. Wọ́n ní, "Orí ẹja ni. O ká ẹja, o ò fi orí sí i, báwo lẹni tó mú u lọ́wọ́ ṣe máa mọ ibi tó kọjú sí?"

Ohun tí ọmọ ẹnu ọ̀nà yẹn ń wá nìyẹn o! Orí! Mo sáré délé, mo gé ojú àkọ́kọ́ kó rí rìbìtì bí orí àrọ̀, mo la ẹnu sí i, lílà kan lásán tí ò ju 3 cm lọ, mo fi bébà kún ojú kejìlá kó gùn kó sì máa tín-ín-rín lọ bí ìrù, ìrù á yí wá síwájú, á wọ ẹnu, ìwé á pa dé. Mágínẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi pa ìwé náà dé, tí mo ti ń tọ́jú owó ẹ̀, mi ò rà á mọ́.

Màámi ò tíì tán lọ́jọ́ yẹn o. Omi ọwọ́ wọn ti jẹ́ kí inki ojú kẹta ṣàn, torí inkjet, ẹ̀rọ tó ń fi inki olómi tẹ̀wé, ni mo fi tẹ ẹ̀dà yẹn, ta ló sì ń fọwọ́ gbígbẹ ka ìwé l'Olúwo? Ẹ̀rọ laser, tí inki tiẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun, ni mo ń lò báyìí, mo sì fi lámínéṣọ̀n bo ìta. Wọ́n wá ka ojú karùn-ún sókè, "Ọkọ mi ń jó." Wọ́n ní ọkọ ta ló ń jó? Àyà mi já. Bàbá kan tó ń pẹja ló sọ fún mi pé "Ọkọ̀ mi ń jò", pé òun ò tíì rówó tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ lòun ṣì ń gbé e lọ sómi láràárọ̀. Fọ́ǹtì arẹwà tí mo wá káàkiri, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí mo fi tẹ ìwé náà, ti gbé gbogbo àmì mì, "Oko mi n jo" ló kọ síbẹ̀, èmi tí mo kà á nígbà ogún, mi ò rí i, torí mo ti mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ìṣòro bàbá yẹn ni mo sọ di ijó. Ó ká mi lára gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe dísáìnì ní Yorùbá, "ẹ̀" kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà o, "ẹ" ni, tí àmì wá gùn ún, tí fọ́ǹtì ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì lé e, á fò kúrò tàbí kó já sí ẹ̀gbẹ́. Gentium ni mo lò, Noto Serif náà ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì làwọn méjèèjì.

Ẹnì kan wà tí mi ò gba tiẹ̀. Wọ́n ní kí n fi Òyìnbó sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ kí ìwé lè lọ jìnnà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò ó, mo tiẹ̀ tò ó wò, ọ̀rọ̀ wá kéré débi pé Màámi máa nílò awò kí wọ́n tó kà á. Mo yọ ọ́. Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kó rí i kà.

Ẹ̀dà kẹfà jáde lóṣù kọkànlá, méje ni mo ṣe. Mo gbé ọ̀kan fún bàbá ọlọ́kọ̀, mo dúró títí wọ́n fi ka ojú karùn-ún tán, wọ́n kàn mi orí, wọ́n ní, "Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn." Ọ̀kan wà ní ìsọ̀ Màámi, wọ́n fi okùn so ó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, èéfín ti ń pọ́n ọn díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọdébìnrin kan tí wọ́n rán wá ra epìyà nawọ́ sí i, mo wà lẹ́yìn, mi ò sọ nǹkan kan. Orí ló dì mú, ó sì fa ìrù yọ lẹ́nu ẹ̀.