Ọdún tí a gbé Olúmọ wọ inú kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ sì kú ewu ọdún. Ìgbà gbogbo tí Dìsẹ́ńbà bá dé ni mo máa ń jókòó wo ohun tí iṣẹ́ mi bí. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ kan ló gba ọkàn mi jù: àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ilé kíkọ́ nínú ayé inú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wọn kò gún títí wọ́n fi mú téèpù bírìkìlà dání, tí wọ́n jáde lọ wọn ìlú tí wọ́n ń gbé.

Fún ẹni tí kò tíì mọ ohun tí à ń ṣe: ọmọ SS1 àti SS2 ni wọ́n, ní Abẹ́òkúta níbí, lẹ́yìn tí iléèwé bá ti jáde. OpenSimulator, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń dá irú ayé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, la fi ń ṣiṣẹ́. Láti 2007 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì jọ Second Life, ayé inú kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Linden Lab ṣí sílẹ̀ fún ará ayé ní 2003. Ohun tó jẹ́ kí n yàn án ni pé gbogbo ayé náà gba orí láptọ́ọ̀pù kan. Màá so ó mọ́ ràútà kékeré, àwọn ọmọ á sì wọlé láti orí kọ̀ǹpútà tiwọn láìná kọ́bọ̀ sórí dátà. Blender, ètò tí a fi ń ya ohun tó ní gígùn, ìbú àti gíga, la fi ń gbẹ́ ohun tó bá le. Ọ̀fẹ́ lòun náà: ní 2002, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ dá yúrò 100,000 jọ kó lè di ti gbogbo ayé. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan, torí mo fẹ́ kó yé wọn pé àwọn kan ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá wọn tó bí wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ilé ńláńlá ni gbogbo wọn ń kọ́. Ilẹ̀kùn tí erin lè gbà kọjá, àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè gùn. Kì í ṣe pé ojú wọn fọ́. Nínú ayé yẹn, ojú tí ẹ fi ń ríran kì í sí lórí áfátà yín, ìyẹn ère ènìyàn tó dúró fún yín níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, ó sì ga jù ú lọ díẹ̀. Bí àjà bá wà níbi tó máa ń wà nínú ilé gidi, ṣe ni yàrá á máa há mọ́ni. Àwọn akọ́lé inú Second Life mọ èyí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́ yàrá tó ga tó sì fẹ̀ ju ti gidi lọ. Mi ò bá ìyẹn jà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ nǹkan di ńlá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ bí nǹkan náà ṣe tó. Torí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n wọn ilẹ̀kùn kíláàsì, fèrèsé, àga tí wọ́n jókòó lé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé wọn ti di ilé ènìyàn.

Ìgbà yẹn la gbójú lé Olúmọ.

Ọ̀kan nínú wọn ti kà á pé òkè náà ga ní mítà 137, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilẹ̀ sókè títí ó fi di gogoro. Òótọ́ ni 137 yẹn, ṣùgbọ́n láti ojú òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ti ga ju òkun lọ kí ẹsẹ̀ Olúmọ tó bẹ̀rẹ̀. A lọ síbẹ̀. Wọ́n wọn gíga àtẹ̀gùn kan, wọ́n ka àwọn yòókù, wọ́n sọ ọ́ di ìṣirò. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ kéré gan-an sí gogoro yẹn, òkè náà sì wá jọ Olúmọ.

Ibi inú àpáta ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá dé síbí ní 1830, abẹ́ òkúta yẹn ni wọ́n sá sí nígbà ogun. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tẹrí ba. Ìṣòro àkọ́kọ́: ilẹ̀ inú OpenSimulator kò lè ní ihò. Ẹ lè gbé e sókè, ẹ lè rì í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣíji bo ara rẹ̀. Nítorí náà, Blender la ti gbẹ́ àpáta yẹn. Nígbà tí a gbé e wọlé, ojú rí ihò, ṣùgbọ́n áfátà kọlù ú bí ẹni kọlu ògiri, torí ìrísí nǹkan lọ́tọ̀, ibi tí ara ń fọwọ́ kàn lọ́tọ̀, a sì ní láti ṣe ìkejì fúnra wa. Ìṣòro kejì ló wá le jù: áfátà kì í tẹrí ba láti wọ yàrá.

Àwọn kan ní ká gbé àjà sókè. Àwọn kan ní ká sọ òkúta náà di ohun tí ara lè gbà kọjá. A gbìyànjú èyí, ọmọbìnrin kan sì pariwo pé, “Mà, ẹ wò ó, orí wọn ń yọ jáde láti inú òkúta!” Òun náà ló wá sọ pé àwọn tó sá síbẹ̀, ṣebí ìjókòó ni wọ́n jókòó. Ó gbé òkúta kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà, ó kọ sikírípítì, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ní kí áfátà yín jókòó lé e, inú ihò lẹ máa bá ara yín, ní ìjókòó, tí àwọn ihò tí wọ́n fi ṣe odó nínú àpáta wà níwájú yín. Gíga àjà kò yí padà rárá. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí lọ́dún yìí, èyí ló dùn mọ́ mi jù.

A tún ṣe àwòrán aṣọ àdìrẹ sínú ayé wa. Ní Ìtòkú, ìyá aládìrẹ kan wo àwòrán tí ọmọ kan tò sára ògiri lórí fóònù mi, ó ní, “Ìparí yìí kò bá ìbẹ̀rẹ̀ mu.” Ó wá gbé páànù tí wọ́n gé àwòrán sí, ó fi bí etí kan ṣe ń bá èkejì pàdé lórí aṣọ hàn wọ́n. Ohun tí mo ti ń fẹnu ṣàlàyé nípa àwòrán kan náà tí à ń tò léraléra, ìyá yìí yanjú rẹ̀ kí n tó rí àyè dúpẹ́.

Iná kò dúró, owó epo jẹnẹrétọ̀ ga, láptọ́ọ̀pù kan sì bàjẹ́. Ẹ mọ ìyókù.

Àwọn òbí kan rò pé eré géèmù lásán là ń ṣe. Bàbá kan tó jẹ́ bírìkìlà wá wò wá, ó tọ́ka sí ògiri tí ọmọ rẹ̀ mọ, ó bi í léèrè: “Búlọ́ọ̀kù mélòó ni yóò gbà?” Ọmọ náà wọn gígùn àti gíga rẹ̀, ó yọ fèrèsé kúrò, ó fi 10 lu iye mítà tó kù níbùú lóròó, ó dáhùn. Bàbá náà ṣírò tirẹ̀ lórí ìka, ó ní ká fi díẹ̀ kún un fún èyí tí yóò fọ́. Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú ọmọ náà wá.

Ní Jánúárì, Láfẹ́nwá ló kàn: ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ àti afárá orí odò Ògùn. Ilẹ̀ tiwa kò ju mítà 256 lọ níhà kọ̀ọ̀kan, torí náà a gbọ́dọ̀ yan ibi tí a máa gé e sí. Ẹni tó bá ní fọ́tò ilé àtijọ́ ní Láfẹ́nwá, Aké tàbí Ìbarà, pàápàá èyí tó fi ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé hàn, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ilé náà bá ṣì wà lórí ìdúró, ẹ bá wa wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀.