Ẹran Iléyá ní Àjàṣẹ́, ìpàdé ẹlẹ́sìn ní Lyon

Ilẹ̀ Faransé àti Benin jọ ń sọ pé ìjọba àwọn kò ní ẹ̀sìn kankan. Òfin àwọn Faransé lórí rẹ̀ ti wà láti 1905. Tiwa wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1990. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé nìkan yóò rò pé ọ̀kan náà ni. Kó gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìlú mi ní Benin, wò, kó sì gbé Lyon, ìlú Faransé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wò.

Ní 1996, nígbà tí Mathieu Kérékou padà sípò ààrẹ Benin, ó búra, ṣùgbọ́n ó fo ibi tí òfin ti ní kó dárúkọ ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Ó ti di àtúnbí nígbà yẹn. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ ní ìbúra náà kò múlẹ̀, àfi kó tún un ṣe, ó sì tún un ṣe, baba ńlá àti gbogbo rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ààrẹ kì í tilẹ̀ búra rárá. Mo sọ ìtàn yìí fún obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Lyon, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Mùsùlùmí ni bàbá mi, Sẹ̀lẹ́ ni ìyá mi. Àjàṣẹ́ wa náà ni Oshoffa ti dá ìjọ aláṣọ funfun sílẹ̀ ní 1947, nítorí náà ó ṣòro kéèyàn rí agboolé ńlá tí wọn kò sí. Bàbá àgbà ló ni eégún ilé. Tántì mi kan kì í pa Máàsì jẹ, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ san owó ọdún eégún, tí yóò tún máa bú àwọn tí kò tíì san. Tí Iléyá bá dé, abọ́ ẹran ń wọ yàrá gbogbo. Tó bá di Kérésì, ìrẹsì ń padà bọ̀. Mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú, tí àwọn Mùsùlùmí tí ìdílé wọn ti Brazil dé kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ló jọ pátápátá. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀, àwa tí a bí síbẹ̀ kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Benin ní 2013, wọ́n bi oníkálukú ní ẹ̀sìn rẹ̀: Mùsùlùmí 27.7 nínú ọgọ́rùn-ún, Kátólíìkì 25.5, ẹlẹ́sìn Vodun, ẹ̀sìn ìbílẹ̀, 11.6, Sẹ̀lẹ́ 6.7. Inú Kátólíìkì ni tántì mi wà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè owó eégún. Àwọn Faransé kì í béèrè ẹ̀sìn rárá bí wọ́n bá ń ka èèyàn.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lyon. Kí n tó wọlé ni mo ti ń ṣí gèlè mi, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn hàn lára. Láti 2004 ni òfin ti kan àwọn ọmọ iléèwé ìjọba náà. Ó ti mọ́ mi lára. Ohun tí kò tíì yé mi ni ti ọjọ́ ìsinmi. Ìgòkè Jésù, ọdún Màríà nínú oṣù kẹjọ, ọdún gbogbo Ẹni Mímọ́, Kérésì, gbogbo rẹ̀ ni ìsinmi fún gbogbo ìlú. Tí Iléyá bá dé, èmi ni n óò lọ tọrọ àyè. Ní ilé, Iléyá ni ìsinmi, Kérésì ni ìsinmi, ìsinmi sì wà nínú oṣù kìíní fún àwọn onísẹ̀ṣe. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, Lyon a máa tan iná sójú fèrèsé fún Màríà, láti 1852, ìjọba ìlú gan-an ló sì ń ṣètò ọdún náà. Wọ́n ní àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ n pa ẹnu mi mọ́.

Ní àdúgbò mi níbẹ̀, wọ́n máa ń ṣe ìpàdé ẹlẹ́sìn: fáda, ìmáàmù, pásítọ̀, rábì, àga tí wọ́n tò yípo, kọfí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àwa tí kì í fi ìwé pe ara wa! Bàbá Kátólíìkì kan wá yíjú sí mi, ó ní kí ni Kùránì sọ nípa Màríà. Mo ní odindi orí kan, ìkọkàndínlógún, ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan. Nígbà tí mo ń lọ sílé ni mo rántí pé tántì mi kò bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà la jọ gbé. Èmi náà kò sì bi í ní ohun tó ń wí tó bá ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀.

Ẹbí ló so wá pọ̀ ní Àjàṣẹ́, a kò mọ ohun tí ẹnì kejì gbà gbọ́. Ó sì ti tó fún wa tipẹ́. Ìgbà tí ọmọ bàbá mi kan wọ ìjọ tuntun, tó dá abọ́ ẹran Iléyá padà, tó ní ẹran òrìṣà ni, ni a tó rí ibi tó kù sí. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Bàbá àgbà ní, “Ṣé o kì í ṣe ọmọ ilé yìí ni?” Ọmọ náà ṣí Bíbélì. Ìkíní kò dá èkejì lóhùn, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń bára ẹni sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Títí di òní, wọn kì í pè é sí ìkómọ. Albert Tévoédjrè, ọmọ Àjàṣẹ́ wa, ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀: ó dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti fi ìjíròrò láàárín ẹlẹ́sìn kọ́ni ní àlàáfíà, wọ́n sì ṣe àpéjọ ńlá lé e lórí ní Kútọnu ní 2015. Lójú àwọn ará ilé wa, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn.

Lyon kò ní irú wàhálà yẹn. Obìnrin tó rò pé mò ń ṣàwàdà yẹn kò gba Ọlọ́run gbọ́, ìyá rẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jọ ń jẹun lọ́jọ́ Sunday láìsí ariwo. Nílé wa, tí Orò bá jáde, inú ilé ni èmi obìnrin yóò wà, kò sẹ́ni tí yóò bi mí bóyá mo gbà á gbọ́. N kò ní purọ́, àyè tí mo ní ní Lyon dùn mọ́ mi. Àmọ́ àwọn tí a jọ ń gbé ilé alájà kan náà níbẹ̀, n kò mọ ilé tí mo lè gbé ẹran Iléyá lọ.

Àwa ọmọ Àjàṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní ẹgbẹ́. Mùsùlùmí, Kátólíìkì, Sẹ̀lẹ́, gbogbo wa ń dáwó kí a lè gbé òkú ẹni tó bá kú lọ sílé. Owó kò tíì dá ìjà sílẹ̀. Àdúrà ló dá a sílẹ̀: ta ni yóò kọ́kọ́ gbà á kí wọ́n tó gbé pósí lọ sí pápákọ̀ òfurufú, pàápàá tí olóògbé bá ní Mùsùlùmí àti Sẹ̀lẹ́ lọ́mọ? Akọ̀wé ti kọ ọ́ sínú ètò ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.